Awòran Ló Bọ́ Ilé: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Empire State Building

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín kú ìjókòó. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n mú ilé gíga kan tí gbogbo ayé mọ̀, kí n sọ ìtàn rẹ̀, kí n sì sọ ohun tí àlejò máa ń bá nínú rẹ̀. Empire State Building ti ìlú New York ni mo mú. Òun kọ́ ló ga jù láyé mọ́. Ó ti pẹ́ tí oyè yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ilé gíga tí mo ti kà nípa wọn, òun nìkan ni ìtàn rẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín kí ó tó bà mí lẹ́rù. (Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́. Ibi tí mo ti ń wá awò ojú mi nìkan ni mo yọ kúrò.)

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí orúkọ. Ilé àwòṣífìlà ni Yorùbá ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ìta ló dúró sí. Ó gbójú sókè, ó ń gbé e lọ títí, ọrùn rẹ̀ rọ̀ sẹ́yìn, fìlà bá ré bọ́. Àwọn Òyìnbó tó ní ilé náà ń ha ojú ọ̀run, ìta ni àwọn náà dúró sí. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn.

Inú ni mo fẹ́ mú yín lọ. Ohun tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò ni èyí: ọ́fíìsì ni wọ́n kọ́ ilé yìí fún, kí àwọn oníṣòwò lè wá gbà á, kí wọ́n máa san owó ilé. Àwọn oníṣòwò kò wá. Àwọn tí kò ní iṣẹ́ kankan ṣe níbẹ̀, tí wọ́n kàn fẹ́ gòkè lọ wòran, ni wọ́n bọ́ ọ títí ó fi dàgbà.

Ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, oko ni ilẹ̀ ibẹ̀, ní ojú Fifth Avenue, láàárín òpópónà 33 àti 34. Lẹ́yìn náà ìdílé Astor, olówó ìgbà náà, kọ́lé síbẹ̀. Lẹ́yìn tiwọn ni òtẹ́ẹ̀lì Waldorf-Astoria dé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1929 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó òtẹ́ẹ̀lì náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ọrọ̀ ajé, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù yẹn kan náà: ọjà ìpín ìdókòwò New York dà wó. Olówó àná di aláìní láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó bá gbọ́n, á ní kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró ná.

John Raskob ni ẹni tó wà nídìí owó ilé náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá àgbà ní General Motors, iléeṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, ni tẹ́lẹ̀. Al Smith ni ẹni tí wọ́n fi síwájú, òun ni ojú ilé náà fún aráyé. Smith ti ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ New York nígbà mẹ́rin, ó sì díje dupò Ààrẹ ní ọdún 1928, Herbert Hoover sì nà án. Ọkùnrin méjì tí wọn kò tíì gbàgbé ìjákulẹ̀ ìbò náà ni wọ́n dìde láti kọ́ ilé tó ga jù láyé. Ẹ má bi mí bóyá ọ̀rọ̀ ajé nìkan ló wà nídìí ẹ̀. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orogún ṣáà tún wà níbẹ̀. Walter Chrysler, oníṣẹ́ mọ́tò bíi ti General Motors, ń kọ́ tiẹ̀ lọ́wọ́ ní òpópónà 42. Ṣóńṣó irin orí ilé náà, inú ilé ni wọ́n ti tò ó ní kọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Lọ́jọ́ kan ní oṣù kẹwàá 1929 náà, wọ́n gbé e yọ láti inú òrùlé bí ìgbín ṣe ń yọ ìwo. Ilé Chrysler di ẹsẹ̀ bàtà 1,046. Èyí tí Raskob ń gbèrò, àjà 86, ẹsẹ̀ bàtà 1,050 ni yóò jẹ́. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin péré ló fi jù ú. Oorun kò kun Raskob. Ta ló mọ̀ bóyá Chrysler tún fi nǹkan mìíràn pa mọ́ sínú ilé?

Ọgbọ́n tí wọ́n wá dá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, torí pé a máa padà bá a lókè. Wọ́n ní àwọn yóò gbé òpó kan lé e lórí, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 200, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú yóò ti máa so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kì í ṣe bàlúù oníyẹ̀ẹ́ tí a mọ̀ lónìí o. Irú èyí tó rí gbọọrọ bí ẹ̀gẹ́ ńlá, tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ fúyẹ́ kún inú rẹ̀, ni wọ́n ń sọ. Ó máa ti Yúróòpù kọjá òkun wá, yóò fi imú so mọ́ òpó, àwọn èrò yóò sì gba orí pákó kan bọ́ sílẹ̀, ní ibi tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 1,200 lọ, lójú afẹ́fẹ́ New York. Ẹ fojú inú wo màmá àgbàlagbà kan tó gbé àpótí lọ́wọ́ lórí pákó yẹn. Ní oṣù kẹsàn-án 1931, ọkọ̀ kékeré kan so mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ ń fì í sọ́tùn-ún sósì. Kò sí ọkọ̀ èrò kankan tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n òpó náà ti wà níbẹ̀. Àjà 102 ni wọ́n ń kà á sí lónìí, ilé náà sì fi di ẹsẹ̀ bàtà 1,250, èyí tí í ṣe mítà 381.

Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé Raskob mú pẹ́ńsùlù kan, ó gbé e dúró lóòró lórí tábìlì, ó sì bi ayàwòrán ilé náà, William Lamb, pé báwo ló ṣe lè ga tó tí kò ní wó. Ìtàn dídùn ni. Ohun tó pinnu ìrísí ilé náà ní ti gidi kò dùn tó bẹ́ẹ̀: òfin ìjọba ìlú ni, àti ẹ̀lífétọ̀. Ní ọdún 1916, ìlú New York ṣòfin nítorí àwọn ilé tó ń dìde lóòró láti etí títì, tí wọ́n ń sọ àdúgbò di alẹ́ ní ọ̀sán gangan. Bí ilé bá ṣe ń ga, kó máa fà sẹ́yìn kúrò létí títì. Ìgbà tó bá ti sún dé ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ rẹ̀, ó lè máa lọ sókè débi tó bá wù ú. Ohun tó fà á nìyẹn tí ilé náà fi rí bí ẹni tó jókòó sórí àpótí ńlá, tó wá na ọrùn sókè. Lamb kó àwọn ẹ̀lífétọ̀ jọ sí àárín gbùngbùn, ó fi ọ́fíìsì yí wọn ká kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó jìnnà sí fèrèsé. Àwọn ẹ̀lífétọ̀ kan kò kọjá àjà ìsàlẹ̀, àwọn mìíràn parí sí agbedeméjì. Níbi tí wọ́n bá ti dín kù, ilé náà á tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Ẹni tó wà níta á ní ọ̀ṣọ́ ni. Ẹ̀lífétọ̀ tó ti bọ́ sílẹ̀ lọ́nà ni.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta 1930. Ọjọ́ 410 lẹ́yìn náà, wọ́n ṣí i. Mo ti sọ gbólóhùn yìí níbi púpọ̀, ojú àwọn kọ́lékọ́lé ni mo máa ń wò bí mo bá ti ń sọ ọ́. Àjà mẹ́rin àtààbọ̀ ni wọ́n ń gbé dìde láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ kún jù, òṣìṣẹ́ tó lé ní 3,400 ló wà níbẹ̀. Irin rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 57,000, bíríkì rẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ojú ọ̀nà New York kò sì gba kí ẹnikẹ́ni kó irin jọ síbẹ̀, nítorí náà bí irin bá ṣe ń ti agbègbè Pittsburgh dé ni wọ́n ń gbé e lọ sókè tààrà. Wọ́n ti kọ ibi tí yóò wọ̀ sí i lára kó tó kúrò níbi tí wọ́n ti rọ ọ́. Lórí àjà kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ́ ojú irin kékeré tí wọ́n fi ń ti ọmọlanke bíríkì kiri. Wọ́n tún ṣí ilé oúnjẹ sórí àwọn àjà tí iṣẹ́ ń lọ, nítorí pé bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn bá ní àwọn fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun ọ̀sán, ilẹ̀ á ṣú kí wọ́n tó padà gòkè tán.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kan irin. Ẹni mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n máa ń wà. Ọ̀kan ń dáná. Ó ń yan ìṣó olórí ńlá títí tí yóò fi pọ́n bí ẹyin iná, yóò fi ẹ̀mú mú un, yóò jù ú sókè fún ẹnì kejì. Ẹnì kejì yóò fi agolo hán an lófuurufú, yóò kì í bọ ihò. Ẹnì kẹta yóò fi irin ti ìdí ìṣó náà, ẹnì kẹrin yóò sì fi ẹ̀rọ lù ú tí orí rẹ̀ yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Lórí irin tí kò fẹ̀ ju pátákó ìjókòó lọ ni wọ́n ti ń ṣe é, àárọ̀ títí dalẹ́, tí ọkọ̀ ń kọjá lọ bí èèrùn nísàlẹ̀. Àwọn tó ti Ireland àti Ítálì wá pọ̀ nínú wọn. Àwọn ọmọ ẹ̀yà Mohawk láti Kánádà náà wà níbẹ̀, onílẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an kí Òyìnbó tó dé, tí iṣẹ́ irin orí òkè ti di iṣẹ́ ìdílé wọn. Ayàwòrán kan, Lewis Hine, gun òkè tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú kámẹ́rà. Àwòrán rẹ̀ ló jẹ́ kí ojú wọn ṣì wà nílẹ̀ dòní. Òṣìṣẹ́ márùn-ún ni àkọsílẹ̀ ní ó kú.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1931, àwọn ọmọ-ọmọ Al Smith gé rìbọ́ọ̀nù lẹ́nu ọ̀nà. Ààrẹ tẹ bọ́tìnì kan ní Washington, wọ́n sì tan iná ilé náà. Ta ni Ààrẹ? Hoover. Ọkùnrin tó na Smith níbi ìbò ló bá a ṣíná ilé. Ìṣèlú Amẹ́ríkà náà ní àwàdà tiẹ̀.

Owó tí wọ́n ṣírò tẹ́lẹ̀ tó mílíọ̀nù 50 dọ́là. Nígbà tí wọ́n parí, àti ilẹ̀ àti ilé, ó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 41. Kì í ṣe pé wọ́n mọ owó ṣọ́. Ìlú ti dẹnu kọlẹ̀ ni, iṣẹ́ àti ohun èlò sì ti di ọ̀pọ̀. Ọ̀dá owó tó mú kí ilé náà rọrùn láti kọ́ náà ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá gbà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọ́fíìsì ló ní ayálégbé. Aráàlú yí orúkọ rẹ̀ po, wọ́n sọ ọ́ di ilé òfìfo. Ẹ̀fẹ̀ yẹn dùn lédè tiwọn ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún yín lọ.

Ibi tí awòran ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, àwọn èèyàn ń san dọ́là kan kọ̀ọ̀kan láti gòkè lọ wo ìlú. Dọ́là kan nígbà tí aráàlú ń tò fún búrẹ́dì ọ̀fẹ́! Owó tó ti ibẹ̀ wọlé lọ́dún náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo owó ilé tí àwọn ayálégbé san. Ó tó nǹkan bí ọdún 1950 kí ilé náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jèrè. Láàárín ogún ọdún yẹn, tí kì í bá ṣe ti àwọn tó kàn fẹ́ na ọrùn wo ilé ara wọn láti òkè, èmi ò mọ ohun tí àwọn onílé ì bá jẹ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọlé.

Láti ọdún 2018, òpópónà 34 ni ẹnu ọ̀nà àwọn awòran. Ẹ má kọ́kọ́ gba ibẹ̀. Ẹ lọ yọjú sí ti Fifth Avenue ná, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń gbà. Ògiri rẹ̀ jẹ́ òkúta mábù tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Yúróòpù, ní ọ̀ọ́kán sì ni àwòrán ilé náà fúnra rẹ̀, tí wọ́n fi irin dídán ṣe, tí ìtànṣán ń ti orí rẹ̀ jáde bí ẹni tó gorí ìtẹ́. Ẹ wá gbójú sókè. (Ẹ di fìlà mú.) Òkè àjà náà, wúrà ni wọ́n fi bò ó, wúrà tí wọ́n lù tinrin ju ìwé lọ, pẹ̀lú alumíníọ́mù, wọ́n ya ìràwọ̀ àti oòrùn sí i. Ẹ tún wò ó dáadáa: ìràwọ̀ náà rí bí eyín ẹ̀rọ, bí kẹ̀kẹ́ inú aago. Ayé ẹ̀rọ ni wọ́n ń júbà. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn kan rò pé ó ti di àtijọ́, wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n gbé iná ìgbàlódé sí i. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe tán ní 2009, iṣẹ́ náà ti gba oṣù 18. Oṣù mẹ́tàlá àtààbọ̀ ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé. Àjà kan ṣoṣo, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, ó pẹ́ jù ú lọ. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ilé yìí, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀fẹ́ sì ni.

Lọ́dọ̀ awòran ní tiwọn, bí ẹ bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì ti yẹ ẹrù yín wò, àjà kejì lẹ ó kọ́kọ́ dé. Wọ́n sọ ibẹ̀ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nígbà tí wọ́n tún ọ̀nà awòran ṣe, iṣẹ́ tó parí ní 2019, tó sì jẹ mílíọ̀nù 165 dọ́là. Ẹ ó rí bí wọ́n ṣe wó òtẹ́ẹ̀lì, ẹ ó rí ère àwọn òṣìṣẹ́ irin tí ẹ lè dúró tì ya fọ́tò, ẹ ó rí bí ihò ẹ̀lífétọ̀ ṣe rí láti inú. Ọwọ́ ìnàkí ńlá kan tún fọ́ ògiri wọlé, ìnàkí inú fíìmù ọdún 1933 tó gun orí ilé náà. Àwọn ọmọdé máa ń jókòó sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo ti rí àgbàlagbà tó ta ọmọdé sẹ́yìn kí òun lè kọ́kọ́ jókòó.

Ẹ̀lífétọ̀ 73 ló wà nínú ilé náà. Èyí tó ń gbé awòran kò lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ kó tó dé àjà 80; etí á dí, á tún là. Lábẹ́ ẹsẹ̀ yín níbẹ̀ ni àjà 79, tí wọn kì í mú àlejò lọ. Àárọ̀ Sátidé ni, ọjọ́ 28 oṣù keje 1945. Kùrukùru bo ìlú. Ọkọ̀ òfuurufú ológun kan, B-25, ṣìnà láàárín àwọn ilé gíga, ó sì forí sọ ibẹ̀. Èèyàn mẹ́rìnlá kú: mẹ́ta nínú ọkọ̀, mọ́kànlá nínú ilé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà tó ń wa ẹ̀lífétọ̀, Betty Lou Oliver lorúkọ rẹ̀. Iná ti jó o, wọ́n tọ́jú rẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n fi ẹ̀lífétọ̀ mìíràn gbé e sọ̀ kalẹ̀. Okùn irin ẹ̀lífétọ̀ yẹn ti bàjẹ́ nínú ìkọlù náà. Ó já. Ọmọbìnrin náà re láti àjà 75 dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì yè é. Okùn tó já ti ká jọ sísàlẹ̀ bí òṣùká, òun ló gba ẹrù náà dúró. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n ti ṣí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì padà.

Láti àjà 80 ẹ ó tún gòkè lọ sí 86. Gbangba ni ibẹ̀, kò sí gíláàsì láàárín yín àti afẹ́fẹ́, àyàfi ọgbà irin gíga. Ẹ lọ yí i po, ẹ má dúró sójú kan. Ní àríwá, Central Park, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá ìlú náà, tẹ́ rẹrẹ láàárín àwọn ilé, ó ní igun mẹ́rin, ó tutù bí ewé tí wọ́n gé. Ilé Chrysler wà lápá ìlà-oòrùn àríwá, ní ìsàlẹ̀ ojú yín. Raskob ì bá fẹ́ràn láti máa dúró sí igun yẹn. Ní ìwọ̀-oòrùn, odò Hudson, New Jersey sì wà ní òdìkejì rẹ̀. Ní gúúsù, ilé Flatiron onígun mẹ́ta, lẹ́yìn rẹ̀ One World Trade Center, lẹ́yìn tìyẹn ère Òmìnira nínú omi, kékeré bí ọmọlańgidi. Lọ́jọ́ tójú ọjọ́ bá mọ́, wọ́n ní èèyàn lè rí tó 80 máìlì.

Ilé náà ló ga jù láyé láti 1931 títí di 1970, tí ilé World Trade Center àkọ́kọ́ fi kọjá rẹ̀. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2001, ó padà di èyí tó ga jù ní New York. Irú oyè bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó yọ̀ mọ́ ọn. Ní 2012, One World Trade Center tuntun gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mànàmáná máa ń bá ilé náà ní ìgbà tó tó 20 lọ́dún kan. Ẹ má bẹ̀rù. Egungun irin rẹ̀ ló ń gba iná náà, tó ń gbé e wọ ilẹ̀ lọ, ẹni tó wà lọ́fíìsì lè má tilẹ̀ mọ̀. Ní ti iná tí wọ́n fi ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ lálẹ́, ọdún 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ fi àwọ̀ sí i, pupa, funfun àti búlúù, nígbà tí Amẹ́ríkà pé 200 ọdún. Títí di 2012, ọwọ́ làwọn òṣìṣẹ́ fi ń pààrọ̀ gíláàsì aláwọ̀ lójú iná kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é báyìí. Ní àkókò tí àwọn ẹyẹ máa ń ṣí láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, wọ́n máa ń pa á bí kùrukùru bá bolẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń tan àwọn ẹyẹ náà jẹ, wọ́n á sì forí sọ ilé.

Àwọn kan kì í fẹ́ fi ẹ̀lífétọ̀ gòkè. Láti 1978 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje sísá gun àtẹ̀gùn, 1,576 ni títí dé àjà 86. Ọmọ Ọsirélíà kan, Paul Crake, fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àti ìṣẹ́jú-àáyá 33 gùn ún ní 2003. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án yẹn, òun ni mo fi ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta omi.

Ó ku ibì kan tí àlejò kì í rí, mi ò sì fẹ́ fò ó. Fèrèsé ilé náà jẹ́ 6,514. Nígbà tí àwọn onílé fẹ́ dín iná mànàmáná tí ilé ń jẹ kù, gbogbo ayé retí pé wọ́n á kó fèrèsé dànù, wọ́n á ra tuntun. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣí ibi iṣẹ́ sórí àjà karùn-ún, wọ́n ń yọ gíláàsì náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń fi awọ tinrin kan àti afẹ́fẹ́ àkànṣe sáàárín gíláàsì méjì, wọ́n sì ń dá a padà sójú rẹ̀. Gíláàsì àtijọ́ kan náà ni ẹ ń gbà wo ìta báyìí.

Òkè pátápátá ló kù. Àjà 102, owó ọ̀tọ̀ ni. Tíkẹ́ẹ̀tì àjà 86 nìkan ti ju 40 dọ́là lọ lónìí, nítorí náà bí owó bá há, ẹ dúró sí 86. Ibẹ̀ lẹ ó ti gba afẹ́fẹ́ sára, ìyàtọ̀ ohun tí ojú ń rí kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ràn ìtàn bíi tèmi, ẹ san án. Yàrá roboto kékeré kan ni, gíláàsì yí i ká láti ilẹ̀ dé òkè. Inú òpó ọkọ̀ òfuurufú lẹ wà yẹn. Pákó tí wọ́n ní àwọn èrò yóò gbà bọ́ sílẹ̀, ìhín ni ì bá já sí. Ohun tí wọ́n kọ́ nítorí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti nítorí orogún, tí ọkọ̀ èrò kankan kò so mọ́ rí, òun ni ibi tí owó rẹ̀ wọ́n jù nínú ilé náà. Kí àrùn kòrónà tó dé, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin èèyàn ló ń gòkè nínú ilé náà lọ́dún kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí, wọ́n gba ìbéèrè. Ọ̀dọ́kùnrin kan fẹ́ mọ̀ bóyá ilé náà máa ń mì. Mo ní ó ń mì, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí ara lè mọ̀. Ẹnì kan bi mí bóyá wọ́n máa ń ṣègbéyàwó níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ní àyájọ́ ọjọ́ olólùfẹ́, láti 1994. Màmá kan tó jókòó síwájú wá nàka.

"Ọmọ mi, ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ń retí yẹn, tó bá wá dé lónìí ńkọ́?"

Mo ní, "Màmá, wọ́n á ní kó lọ sí òpópónà 34, kó tò, kó gba tíkẹ́ẹ̀tì."